Kọ̀ǹpútà tí kì í pariwo ní òkè ọya: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kubwa ni mo ń gbé, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa to kọ̀ǹpútà, kí n sì máa tún un ṣe. Àwọn oníbàárà mi tó pọ̀ jù ni àwọn tó ń fi ohùn jẹun: akéwì, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, àwọn tó ń ṣe ìpolówó ọjà fún rédíò láti inú yàrá wọn. Fún irú wọn, kọ̀ǹpútà aláriwo kò yàtọ̀ sí ọmọ tó ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ máíkì. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jọra wọn, mo wá kó wọn jọ síbí pẹ̀lú ìdáhùn mi.

Nígbà tí mo wà ní Ìbàdàn, kọ̀ǹpútà mi kì í pariwo. Láti ìgbà tí mo ti kó dé Àbújá, ṣe ló ń hó bí ẹ̀rọ ìlọta. Kí ló fà á?

Ooru ló fà á, eruku sì ń tì í lẹ́yìn. Ẹ má bínú sí fáànù. Processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló ń gbóná, bọ́ọ̀dù tó jókòó lé ló ń ka ìgbóná náà, bí ó bá sì ti ń gòkè ni bọ́ọ̀dù ń pàṣẹ fún fáànù pé kó sáré sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ dákẹ́, ooru ni kó lé. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀, orí ọ̀rọ̀ kan yìí ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe máa ń mú kí processor fi ìwọ̀n 45 gbóná ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ. Nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jẹ́ 24 °C, processor á wà ní 69 °C, fáànù á máa yí jẹ́jẹ́. Kí NEPA wá mú iná lọ lọ́sàn-án oṣù kẹta, kí yàrá náà di 37 °C, iṣẹ́ kan náà á gbé e dé 82 °C. Ẹ ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, ariwo ti yí padà. Ní Sókótó àti Maiduguri, níbi tí ooru ìta máa ń kọjá 40 °C nígbà ẹ̀rùn, ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá sì sún mọ́ 100 °C, ọ̀pọ̀ processor Intel á dín eré ara wọn kù kí wọ́n má baà jóná, kọ̀ǹpútà á wá máa pariwo, á sì tún máa fà.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tó ń pariwo gan-an?

Ẹ má ra nǹkan kan kí ẹ tó mọ èyí. Mo ti rí ẹni tó ra fáànù mẹ́ta olówó gọbọi, kó tó hàn pé hard disk ló ń kùn.

Ẹ dúró di òru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti kú. Ẹ pa fáànù yàrá, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, àpótí tí gbogbo wa ń pè ní CPU bó tilẹ̀ jẹ́ pé processor inú rẹ̀ ló ni orúkọ yẹn. Ẹ ká bébà kan róbótó bíi fèrè, ẹ gbé ẹnu rẹ̀ kan sétí, ẹ máa gbé ẹnu kejì kiri: ibi fáànù processor, fáànù ẹ̀yìn, power pack (àpótí kékeré tí wáyà iná ń wọ̀), hard disk. Á yà yín lẹ́nu bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe máa dá dúró lọ́tọ̀. Bí ẹ kò bá tíì dá a mọ̀, ẹ fi ìka kan tẹ àárín gbùngbùn fáànù, níbi tí wọ́n lẹ orúkọ iléeṣẹ́ mọ́, kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré. Àárín ni mo wí o, ẹ má fọwọ́ kan ewé rẹ̀ tó ń yí. Bí ariwo náà bá dákẹ́, ọwọ́ yín ti tẹ̀ ẹ́. Ti inú power pack nìkan ni ẹ ò gbọdọ̀ dán wò.

Ohùn náà fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń fẹ́ fùù bí atẹ́gùn, fáànù tó ń sáré jù ni. Bí ó bá ń ha kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́ nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án, ọ̀pá tí fáànù fi ń yí ti jẹ, òróró inú rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń kùn, tí kíkùn náà sì yí padà nígbà tí ẹ gbọ́wọ́ lé àpótí, gbígbọ̀n ni, ẹ wá hard disk tàbí skúrù tó tú. Èyí tó tín-ínrín bí ohùn ẹ̀fọn, tó ń yí padà bí ẹ ṣe ń yí ojú ìwé lọ sókè sódò, ara bọ́ọ̀dù tàbí graphics card, káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, ló ti ń wá, kò sí fáànù tuntun tó lè wò ó sàn.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ra tuntun ni, àbí kí n mú tòkunbọ̀?

Àbúrò, mú tòkunbọ̀ ọ́fíìsì. OptiPlex ti Dell, EliteDesk ti HP, ThinkCentre ti Lenovo: ibi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń jókòó pọ̀ sí yàrá kan ni wọ́n ṣe wọn fún, wọn kì í sì í pariwo nígbà tí wọ́n wà ní tuntun. O máa rí wọn ní Banex ní Wuse 2, àti ní Beirut Road ní Kánò. Ariwo ọjà kò ní jẹ́ kí o gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ni kí o fi dán an wò. Ní kí ẹni tó ń tà á tan án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí àpótí. Èyí tó bá ń gbọ̀n rìrì, fi í sílẹ̀.

Bí o bá lè yàn, wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ processor. Ti Intel tó bá parí sí T, irú i5-12400T, 35 W ooru ni wọ́n ṣe é fún. i5-12400 lásán jẹ́ 65 W, ó sì lè fa tó 117 W nígbà tó bá ń sáré. Ti AMD, Ryzen 5 5600G jẹ́ 65 W, ṣùgbọ́n o lè dín in sí 45 W nínú BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, lórí bọ́ọ̀dù tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀, 35 W ti tó, ó tún ṣẹ́ kù.

Ìkìlọ̀ kan wà lórí Dell. Lára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù wọn, ibi tí wọ́n ń ki wáyà fáànù processor bọ̀ ní ìka irin (pin) 5, fáànù inú ọjà sì ní 4. Bí bọ́ọ̀dù náà kò bá rí fáànù tó mọ̀, á máa ráhùn nígbàkúùgbà tí o bá tàn án. Àwọn tòkunbọ̀ wọ̀nyí tún sábà máa ń ní power pack tí kò bá ti ọjà mu. Nítorí náà, èyí tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fọ̀, kí o tó ronú pípààrọ̀.

Eruku ọyẹ́ ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, ọyẹ́ ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Eruku náà kúnná bí èlùbọ́ tí wọ́n jọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Abẹ́ ilẹ̀kùn tí ẹ tì gan-an ló ń gbà wọlé.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá láti Kánò, ó ní fáànù ti bàjẹ́. Mo tú skúrù mẹ́rin, mo gbé fáànù náà kúrò lórí heatsink, irin onítẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó jókòó lórí processor. Kò sí ohun tó ṣe fáànù. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: eruku ti dì mọ́ra láàárín òun àti irin bí aṣọ òfì, ó pọ́n bí ilẹ̀ Kánò, ó sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ìka méjì ká a bí ẹni ká ẹní, tó sì ká lódindi láìya. Gbogbo afẹ́fẹ́ tí fáànù yẹn ń fẹ́, ara aṣọ yìí ló ń parí sí. N kò pààrọ̀ ohunkóhun. Nígbà tí a tàn án padà, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó ti tàn lóòótọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gbá a, ẹ yọ wáyà iná, ẹ gbé e jáde síta. Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tuntun tó gbẹ dára, blower tí àwọn oníṣẹ́ ń lò dára jù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fẹ́ ẹ, ẹ fi ìka di ewé fáànù mú. Bí blower bá mú un yí ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀pá rẹ̀ á jẹ, ariwo tí ẹ ń lé lọ á tún padà wá. Ẹ tú fáànù kúrò lórí heatsink pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ láti òkè nìkan, ṣe ló ń ti aṣọ náà mọ́lẹ̀.

Láti dènà rẹ̀, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó ń wọ àpótí pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ. Bí fáànù méjì bá ń fà wọlé níwájú, tí ọ̀kan ń tì jáde lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ á máa gba àwọn ihò kéékèèké jáde, eruku kò ní rí ọ̀nà wọlé àfi níwájú, níbi tí ẹ ti fi asẹ́ dè é. Asẹ́ náà kò ní láti wọ́n. Sitọ́kìn obìnrin tí ẹ nà mọ́ iwájú fáànù ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹ má fi aṣọ tó nípọn, torí fáànù á máa tiraka, á sì pariwo. Nígbà ọyẹ́, ní Àbújá, mo máa ń fọ tèmi lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ní Kánò tàbí Katsina, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nǹkan funfun tó wà lábẹ́ heatsink yẹn, ṣé dandan ni?

Dandan ni. Thermal paste ni, òun ló ń dí àlàfo tójú kò rí láàárín processor àti irin. Lára tòkunbọ̀ tó ti pẹ́, ó máa ń gbẹ bí ẹfun. Ẹ fi òwú àti spírítì nù ún kúrò, ẹ kán tuntun tó hóró ẹ̀wà kan sí àárín, ẹ gbé irin lé e kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń fi ọṣẹ ìfọyín dípò rẹ̀. Kò ní pẹ́ gbẹ, ẹ̀yin náà á tún pàdé ariwo yín.

Fáànù wo ni kí n rà?

Èyí tó tóbi jù tí àpótí yín lè gbà, tó ní wáyà mẹ́rin. Ti 120 mm tàbí 140 mm ń gbé afẹ́fẹ́ kan náà pẹ̀lú ti 80 mm láìsáré tó o, ibẹ̀ ni gbogbo àṣírí wà. Bí ẹ bá dín eré fáànù kan kù sí ìdajì, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á dín kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ á fi nǹkan bíi 15 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn ariwo) wálẹ̀, etí wa sì ń ka 10 dB sí ìdajì ariwo. Fáànù méjì tí ariwo wọn dọ́gba, 3 dB péré ni wọ́n fi ju ọ̀kan lọ. Ẹ wá fi wé ara wọn: fáànù méjì tó ń yí ní ìdajì eré ń gbé afẹ́fẹ́ kan náà bíi ti ọ̀kan tó ń sáré tagbáratagbára, wọ́n sì fi nǹkan bíi 12 dB rọlẹ̀ jù ú lọ.

Ooru tí ẹ ń lé pàápàá kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Láti kó 100 W jáde, kí afẹ́fẹ́ tó ń jáde má sì fi ju ìwọ̀n 10 gbóná ju èyí tó wọlé, lítà 8 sí 9 afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó. Fáànù 120 mm méjì tó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 700 ní ìṣẹ́jú kan lè ṣe é láìlàágùn.

Noctua ti Austria àti be quiet! ti Jámánì ni orúkọ wọn dún jù nínú àwọn tó dákẹ́. Arctic kò wọ́n tó wọn, òun ni mo sì ń lò jù fún oníbàárà tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tó ń tan iná aláràbarà tí kò lórúkọ, mo ti pààrọ̀ wọn tó láti sọ pé kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí fáànù oníwáyà mẹ́ta àtijọ́ nìkan lẹ ní, oníṣẹ́ lè gbé e kúrò lórí wáyà yẹ́lò 12 V ti power pack sí pupa 5 V rẹ̀. Ẹ kàn rí i dájú pé ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹ bá tan án, torí àwọn kan kì í lè dìde lórí 5 V.

Ṣé a ò lè yọ fáànù kúrò pátápátá?

Ó ṣeé ṣe, àwọn kan ń ṣe é níbi tí òtútù wà, ṣùgbọ́n n kò ní gbà yín níyànjú rẹ̀ níbí. Irin tí kò ní fáànù, ìyàtọ̀ láàárín òun àti yàrá ló fi ń tú ooru dànù. Bí irin náà bá wà ní 60 °C nínú yàrá 22 °C, ìyàtọ̀ jẹ́ 38. Nínú yàrá 38 °C, ó ku 22. Agbára rẹ̀ ti dín kù sí díẹ̀ lé ní ìdajì, ní ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Ní Jos, tó wà lórí òkè ní nǹkan bí 1,200 mítà, mo lè dán an wò. Fún àwa yòókù, fáànù 140 mm kan tó ń yí ní ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú kan kò ní ohùn tí etí lè gbọ́ láti orí àga yín.

Omi ńkọ́? Wọ́n ní omi ló ń dákẹ́ jù.

Omi kàn ń gbé ooru lọ síbòmíràn ni, fáànù ṣì ni yóò lé e jáde. Ẹ tún ti fi pọ́ǹpù kún un, pọ́ǹpù náà sì ní ohùn tirẹ̀. Fún 65 W, heatsink ńlá dára jù ú lọ.

Àpótí mi ti gbó. Kí ni mo lè ṣe sí i?

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí fáànù ti ń ti afẹ́fẹ́ jáde. Nínú àpótí àtijọ́, wọ́n kàn lu ihò wẹ́wẹ́ sí ara irin ni, irin tó kù sì ń dí ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ tó ń forí gbá a ló ń súfèé. Mo gbé ọ̀kan lọ bá panẹ́-bítà ní Apo, ní abúlé mẹkáníìkì. Kí n tó lọ, mo tú gbogbo ohun inú àpótí náà kúrò, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa róbótó tó bá fáànù mu. Ó gé e láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó fi fáìlì dán etí rẹ̀, mo sì fi omi fọ gbogbo irin wẹ́wẹ́ kúrò kí n tó to nǹkan padà, torí ẹyọ irin kan ṣoṣo lórí bọ́ọ̀dù lè jó o. Mo fi nẹ́ẹ̀tì wáyà tó ṣí dáadáa bo ihò náà nítorí ìka ọmọdé. Súfèé yẹn lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá fọganáísà, ẹ gba tíúbù ọ̀kadà tó ti bàjẹ́. Ẹ gé e pẹlẹbẹ, ẹ fi sí àárín fáànù àti irin àpótí, ẹ gé òmíràn sí abẹ́ ẹsẹ̀ àpótí. Rọ́bà yìí kì í jẹ́ kí gbígbọ̀n kọjá. Fóòmù tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ inú àpótí lè mú ohùn tín-ínrín díẹ̀ kúrò, àmọ́ ó ń dá ooru dúró, ẹ sì ti mọ èrò mi nípa ooru. Fóòmù ibùsùn ni kẹ́ ẹ má dán wò rárá; ó ń yára gbaná.

Hard disk mi ń kùn, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ mi ló wà nínú rẹ̀.

SSD ń ṣe iṣẹ́ hard disk, ṣùgbọ́n kò ní ohun kankan tó ń yí, kò lóhùn. Ẹ fi Windows àti iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ sínú SSD, kí hard disk di ibi ìpamọ́ tí ẹ ń so mọ́ ọn nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀. Màmá kan tó ń ṣe ètò ọmọdé fún rédíò kò fẹ́ kí n yọ tirẹ̀, mo sì gbọ́ wọn lágbọ̀ọ́yé, torí ohùn ọkọ wọn tó ti dolóògbé wà níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sí ibi méjì. Lẹ́yìn náà mo fi rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ìdí ṣòkòtò so ó rọ̀ sí àárín àpótí, tí kò kan irin níbì kankan. Kíkùn náà dópin. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé àpótí náà kiri mọ́ láìtú u kúrò.

Power pack mi ń hó. Ṣé mo lè tú u, kí n pààrọ̀ fáànù rẹ̀?

Rárá. Iná tó lé ní 300 V lè ṣì wà nínú kapásítọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà lára ògiri, ó sì lè pa ènìyàn. Ẹ ra òmíràn tó ní fáànù 120 mm, tí agbára rẹ̀ ju ohun tí ẹ ń lò lọ dáadáa. Èyí tó ní àmì 80 PLUS Gold ń sọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iná tó ń fà di ooru, olówó pọ́ọ́kú lè sọ ìdá kan nínú mẹ́rin di ooru.

Bí kò bá kùn lórí iná NEPA, tó jẹ́ ìgbà tí ínfátà bá gbé e ló ń kùn, ẹjọ́ ínfátà ni. Èyí tí kì í ṣe pure sine wave, ìyẹn tí iná rẹ̀ kì í yí jẹ́jẹ́ bíi ti NEPA, máa ń mú power pack ráhùn.

N kò ní owó lọ́wọ́ báyìí. Ṣé nǹkan kan wà tí mo lè ṣe lọ́fẹ̀ẹ́?

Ó wà, ó sì gbéṣẹ́. Nínú Windows, ẹ wá ibi ètò agbára, ẹ gbé Maximum processor state láti 100% sí 99%. Lórí ọ̀pọ̀ processor, ìyẹn ń dá eré àsápajúdé rẹ̀ dúró, ooru á sì wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fún gbígba ohùn sílẹ̀ àti títò ó, ẹ kò ní mọ ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ BIOS, ẹ wá ètò fáànù, kí ẹ jẹ́ kó máa yí díẹ̀ títí di 60 °C kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Graphics card tí ẹ kì í lò, ẹ yọ ọ́.

Bátìrì ínfátà yín náà á dúpẹ́. Bátìrì 12 V 200 Ah oníásíìdì, tí ẹ kò bá fẹ́ lò ó ju ìdajì lọ, ń fún yín ní nǹkan bí 1,000 Wh lẹ́yìn tí ínfátà bá ti gba tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń fa 150 W á lò ó tán ní bíi wákàtí 6 ààbọ̀. Èyí tó ń fa 60 W á lo bíi wákàtí 16.

Ibo ni kí n gbé e sí, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé ó ti dákẹ́ tó?

Orí ilẹ̀ líle lábẹ́ tábìlì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí ògiri. Ẹ má gbé e lé rọ́ọ̀gì. Fóònù yín lè wọn ariwo, bí kò tilẹ̀ pé pérépéré, ó tó láti fi àná wé òní bí ẹ bá gbé e sí ojú kan náà. Èmi máa ń dúró di nǹkan bí aago mẹ́ta òru, kí ìpè àkọ́kọ́ tó dún ní mọ́sáláṣí. Mo máa ń fi fóònù gba ohùn yàrá sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ní títàn, lẹ́yìn náà nígbà tí kọ̀ǹpútà wà ní pípa, kí n fi etí méjèèjì gbọ́ wọn tẹ̀lé ara wọn. Bí ẹ kò bá lè sọ èwo ni èwo, iṣẹ́ ti parí.

Bí ẹ bá sì ṣì ń gbọ́ ọ, ẹ gbé àpótí náà lọ sí yàrá kejì, kí ẹ gba wáyà ojú kọ̀ǹpútà àti ti máíkì kọjá lábẹ́ ilẹ̀kùn. Kí wáyà USB má ju mítà 5 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ máíkì á máa já lójijì.